Owó Téèpù Bàbá Oyèdélé

Bàbá Oyèdélé, káfíńtà ní Inísà, kì í wọn yàrá ẹnikẹ́ni lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà kan, àwọn èèyàn á pè é wá wo ògiri tí wọ́n fẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù mọ́. Á na téèpù, á kọ iye pákó àti ìṣó tí yóò gbà sára páálí, wọ́n á dúpẹ́, wọ́n á sì gbé páálí náà lọ bá káfíńtà mìíràn tí owó iṣẹ́ rẹ̀ kéré. Nígbà tó rí kọ́bọ́ọ̀dù kẹta tí ẹlòmíràn fi ìwọ̀n tirẹ̀ kàn, ó ní ó tó gẹ́ẹ́. Láti ọjọ́ náà, owó téèpù yàtọ̀, owó iṣẹ́ yàtọ̀. Bí o bá ti san owó téèpù, páálí di tìrẹ, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o gbé e lọ. Àwọn kan ń pè é ní ahun nítorí rẹ̀. Kò bá wọn jà.

Ọmọ ọmọ rẹ̀, Ìtùnúolúwa, ló ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Fẹ́yìsetán, ìyá ọmọ náà, ń ta ìrẹsì ní Òkukù. Ìtùnú fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní yunifásítì. Lọ́dún tó kọjá, ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò JAMB, ó tún yege nínú èyí tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe, síbẹ̀ wọn ò mú un, kò sì sẹ́ni tó mọ ìdí. Lọ́dún yìí ó tún ṣe méjèèjì, máàkì rẹ̀ sì ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù kẹsàn-án ti dé. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rí orúkọ wọn, tirẹ̀ ò jáde.

Ní Sátidé kan, Fẹ́yìsetán wọlé dé, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń fá pákó.

"Bàbá, mo ti rí kọ́ńsọ́tàǹtì tó máa bá wa wá bí yunifásítì á ṣe mú Ìtùnú. Ìkìrun ló wà. Òun ló ṣe ti ọmọ Ọmọ́dára aládùúgbò mi."

"Èló ló ń gbà?"

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́jọ náírà."

Bàbá gbé ìfági sílẹ̀. "Gbogbo owó ìrẹsì rẹ nìyẹn."

"Mo mọ̀, sà. Kí ṣọ́ọ̀bù ṣófo títí di Kérésìmesì, mo fara mọ́ ọn. Tí wọn ò bá tún mú ọmọ yìí lọ́dún yìí, ó ní òun ò ní ṣe é mọ́."

"Má tíì san kọ́bọ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ rí i."

Ní ọjọ́ Ajé, òun àti Ìtùnú wọ mọ́tò lọ sí Ìkìrun. Orí òkè ni ọ́fíìsì náà wà, fáànù kan ń yí níbẹ̀. Rẹ̀mí Ògúnbíyìí lorúkọ kọ́ńsọ́tàǹtì náà, obìnrin kan tó ti ṣe tíṣà rí. Ó ka gbogbo ohun tó máa ń ṣe fún wọn: yíyan ẹ̀kọ́, kíkọ fọ́ọ̀mù, mímúra fún ìdánwò, títọpa orúkọ.

"Mádàámù," ni Bàbá wí, "nínú gbogbo èyí, èwo ni ọmọ yìí ò tíì ṣe?"

Rẹ̀mí bi Ìtùnú léèrè wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ó ku kí a máa tọpa ẹ̀, Bàbá."

"Ṣé ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n á mú un?"

"Rárá o. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ sá fún un. Yunifásítì ló ń mú ọmọ, èmi kọ́."

Èsì yìí tẹ́ Bàbá lọ́rùn. Ó fa téèpù yọ nínú àpò, ó gbé e sórí tábìlì.

"Káfíńtà ni mí. Èèyàn lè sanwó kí n bá a wọn ògiri, kó má sì gbé iṣẹ́ fún mi. Ẹ bá mi wọn ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Ẹ wò ó látòkèdélẹ̀, ẹ sọ ibi tó ti wọ́ fún wa. Èló lowó téèpù yín?"

Rẹ̀mí bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, mi ò ní owó téèpù o! Tí mo bá sọ fún yín tán, ṣebí ẹ ó lọ ṣe é fúnra yín ni."

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe èmi náà nìyẹn. Ìdí tí mo fi ń gbà á ṣáájú nìyẹn."

Obìnrin náà wo téèpù tó wà lórí tábìlì. "Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá."

"Háà! Yàrá mẹ́ta ni mo ń wọ̀n fún ìyẹn."

"Ọmọ èèyàn nìyí, Bàbá, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù."

Bàbá ka owó náà fún un.

Rẹ̀mí ṣí kọ̀ǹpútà, ó gba nọ́ńbà JAMB Ìtùnú, ó ń wò ó lọ. Kò pẹ́, ó dúró.

"Èsì WAEC ẹ dà?"

"Mo ti fún yunifásítì, mà."

"JAMB ńkọ́?"

Ìtùnú mi orí pé rárá. Nígbà tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, èsì WAEC ò tíì jáde, akọ̀wé tó ń bá a tẹ fọ́ọ̀mù JAMB sì kọ ọ́ pé ó ń bọ̀. Lọ́dún yìí akọ̀wé bi í pé ṣé bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ni, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Lójú JAMB, o ò tíì ní èsì kankan," ni Rẹ̀mí wí. "Yunifásítì ò lè mú ẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kò tíì pẹ́ jù. Ẹ mú èsì náà lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe JAMB lónìí, wọ́n á bá yín fi ránṣẹ́."

Lórí àtẹ̀gùn, Ìtùnú jókòó, ó bú sẹ́kún. "Ọdún kan gbáko, Bàbá! Nítorí ìwé kan ṣoṣo!"

"Ọdún yẹn ti lọ. Dìde, ká lè débẹ̀ kí wọ́n tó lọ jẹun."

Wọ́n padà sí Inísà lọ mú ìwé náà, nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta, wọ́n ti fi ránṣẹ́. Bàbá pe Fẹ́yìsetán lórí fóònù.

"Lọ ra ìrẹsì rẹ."

"Ṣé wọ́n ti mú un ni, sà?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n lọ ra ìrẹsì rẹ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi dúró. Bàbá kì í béèrè, ṣùgbọ́n bí fóònù ọmọ náà bá ti dún, ayùn á dúró. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Ìtùnú sáré wọ ṣọ́ọ̀bù Bàbá, ó na fóònù sí i.

"Mi ò mú awò ojú wá," ni Bàbá wí. "Kà á."

Ó kà á. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n fún un. Bàbá ní kó tún un kà, ó sì tún un kà.

Nígbà tí Bàbá tún dé Ìkìrun, ó gun òkè lọ sọ fún Rẹ̀mí. Ó bá páálí kan lára ilẹ̀kùn: Àyẹ̀wò Nìkan, Ẹgbẹ̀rún Mẹ́wàá Náírà.

"Bàbá, ẹ wo owó téèpù yín!" ni Rẹ̀mí kígbe látinú ilé. "Ọmọ wa ńkọ́?"

"Wọ́n ti mú un. Mo ní kí n wá dúpẹ́ ni." Bàbá ti ilẹ̀kùn, ó fà á, kò padé dáadáa. "Ilẹ̀kùn yín yìí wọ́ o, Mádàámù."

"Mo mọ̀, sà. Èló lẹ ó fi bá mi tún un ṣe?"

Bàbá ti ki ọwọ́ bọ àpò. "Ẹ kọ́kọ́ mú owó téèpù wá ná."