Bọ́ọ̀sì Tó Wọ Inú Orin Màmá Mi

Èmi kì í wo fídíò olórin. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ ni mo máa ń nà sórí àga, n kì í ráyè àwọn ọ̀dọ́ tó ń fò sókè sódò nínú fóònù. Ṣùgbọ́n nígbà tí òtútù ọdún tó kọjá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ọmọ mi obìnrin jókòó tì mí nínú pálọ̀ wa ní Highbridge ní Bronx, ó ní kí n bá òun wo fídíò olórin, òun á sì pa ohùn rẹ̀. Mo bi í pé kí la fẹ́ wò nínú orin tí a ò gbọ́. Ó ní iṣẹ́ ilé-ìwé ni.

Kíláàsì fídíò nìkan ló ń dùn mọ́ ọmọ yìí nílé-ìwé. Gbogbo ìyókù, tí mo bá béèrè bí wọ́n ṣe lọ, “fine” ni yóò dá mi lóhùn, yóò sì ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí fídíò rẹ̀ bá dára ni wọn yóò mú sí kíláàsì tó ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ́ ẹ débi pé oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Èmi náà bá ń fẹ́ ẹ fún un.

Ó ní kí n máa pàtẹ́wọ́ nígbàkígbà tí àwòrán bá yí padà. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Nígbà tó tan ohùn padà, àṣé ibi tí ìlù ti ń dún kíkan gan-an ni mo ti ń pàtẹ́wọ́. Ó fi hàn mí bí kámẹ́rà ṣe ń sún mọ́ ẹnu olórin tí ọ̀rọ̀ bá wọni lára. Ó wá fi olórin kan hàn mí tí aṣọ rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ jẹ́jẹ́, síbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ bá orin mu. Ó ní ṣe ni wọ́n mú kí orin náà máa sáré nígbà tí wọ́n ń ya fídíò náà, tí olórin náà sì sáré kọ ọ́ tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó mú kí àwòrán falẹ̀ lẹ́yìn náà. Mo ní jìbìtì gbáà ni. Ó rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Orin màmá mi ló fẹ́ lò. Màmá ń gbé pẹ̀lú wa, àwọn fúnra wọn ló kọ ọ́ sínú fóònù fún ọmọ mi. Ìgbà tí wọ́n jẹ́ ìyàwó tuntun ni wọ́n hun orin náà láti máa fi kí bàbá mi káàbọ̀:

Ọkọ mi dé,
Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.
Ó ti rìn jìnnà,
Ẹ bu omi fún un.

Èmi ni ọmọ mi ní kí n máa la ẹnu sí i. Mo wé gèlè, mo lọ dúró ní títì Grand Concourse, orin ń sáré, ẹnu mi ń sáré tẹ̀ lé e bí ẹni tí ata ta. Ìyá ìjọ wa kan sọdá títì wá béèrè bóyá kò sí nǹkan. Ọmọ mi ní òun á dá ya èyí tó kù.

Ọ̀la ni wọn yóò gba iṣẹ́ náà nígbà tó pè mí wá wò ó. Mo ń rìn jẹ́jẹ́, gèlè mi ń fì, ara mi wù mí. Lójijì, níbi “Ọkọ mi dé”, bọ́ọ̀sì gun òkè àdúgbò wa bọ̀. “Ẹ ṣílẹ̀kùn fún un”: ilẹ̀kùn bọ́ọ̀sì ṣí. “Ẹ bu omi fún un”: òjò ń rọ̀ sára gíláàsì iwájú rẹ̀.

Mo ní, “Ta ló pe bọ́ọ̀sì?”

“Mummy, ọkọ now. Ọkọ is bus.”

“Ọkọ̀ nìyẹn. Ọkọ ni Màmá ń wí. Husband. Bàbá mi.”

Lẹ́nu ọmọ tí a bí sí Bronx, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Inú kọ́kọ́ bí mi pé wọ́n sọ bàbá mi di bọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ó ti jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Olùkọ́ wọn ti sọ pé ẹni tó ni orin gbọ́dọ̀ wo fídíò, kó sì fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó gbà á. Bẹ́ẹ̀ Màmá kì í fi ọ̀rọ̀ bàbá mi tó ti kú ṣeré. Tí wọ́n bá ní àwọn ò gbà, kò sí nǹkan tí ọmọ yìí fẹ́ gbé kalẹ̀ lọ́la. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo pe Màmá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó wo ohunkóhun. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn ríran. Nígbà tí bọ́ọ̀sì náà gun òkè, wọ́n na ọwọ́.

“Dá a padà.”

Ọmọ mi dá a padà. Wọ́n tún ní kó dá a padà. Nígbà náà ni mo rí i pé wọ́n ń rẹ́rìn-ín, omi sì wà lójú wọn.

“Dírẹ́bà mà ni bàbá ìyá ẹ,” wọ́n sọ fún un. “Láti Sókótó wá sí Ìbàdàn. Màá ti gbọ́ ọkọ̀ ẹ̀ lórí òkè ilé wa kí n tó rí òun fúnra ẹ̀. Ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé.”

“So, Grandma, ṣé ẹ fẹ́ kí n yọ bus kúrò?”

“Má yọ ọ́. Ṣáà jẹ́ kí ọkọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ẹ̀.”

Mo mí kanlẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a gbé kámẹ́rà lọ dúró de bọ́ọ̀sì tí ọkọ tèmi máa ń wọ̀ bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí, ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú báàgì oúnjẹ rẹ̀, kò mọ nǹkan kan, ó ń wò wá tìyanu-tìyanu. Àwòrán tó dára jù nínú fídíò náà nìyẹn. Ọmọ mi wá fi ohùn bọ́ọ̀sì ṣíwájú orin, torí ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ dé.

Wọ́n mú ọmọ mi sí kíláàsì náà. Ó ti ń jẹun, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ débi pé mo máa ń ní kó jẹ́ kí n sinmi. Màmá ṣì máa ń ní kó gbé fídíò náà wá. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ràn, níbi tí orin kò tíì wọlé. Tí ohùn bọ́ọ̀sì náà bá ti ń gun òkè bọ̀, wọ́n á dìde, wọ́n á tún ìró wọn ró.