Imọ̀ Ọ̀pẹ Lẹ́yìn Ọkọ̀

Èmi kì í ṣe ẹni tó lè jókòó de nǹkan. Bí mo bá gbé omi kaná, màá ti ṣí ìkòkò wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kó tó hó. Ìyá mi máa ń sọ pé èèrà ló wà lábẹ́ ìjókòó mi. Ẹ wá wo irú mi láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń retí páálí mẹ́rin ọmọ adìẹ ọlọ́jọ́ kan láti Ìbàdàn, nínú ọyẹ́.

Ọyẹ́ ọdún tó ṣáájú ló kọ́ mi lọ́gbọ́n. Mo ra ọmọ adìẹ nígbà náà, èédú tí mo fi sínú ìkòkò kò tó, oorun sì gbé mi lọ. Nígbà tí mo jí, gbogbo wọn ti kó ara wọn jọ sí igun kan, wọ́n ti kú. Mo sunkún gan-an. Mo wá búra pé òtútù kò ní pa adìẹ mi mọ́.

Awakọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ ti pè mí ní ìdájí láti Ọ̀mùò. Ó ní, "Kó tó di aago mẹ́jọ, Mà, mo ti dé ọ̀dọ̀ yín ní Kabba." Èédú tó wà nílé kò fi mí lọ́kàn balẹ̀, ni mo bá wa mọ́tò mi lọ sí Iyamoye, lójú ọ̀nà Ọ̀mùò náà, láti ra àpò kan sí i. Bóyá ìgbà tí mò ń ná èédú lọ́wọ́ ni awakọ̀ náà kọjá.

Ọyẹ́ ọjọ́ náà kì í ṣe kékeré. Eruku funfun bo ojú ọ̀nà, gbogbo ọkọ̀ ló tanná ní òwúrọ̀. Bí mo ṣe ń padà bọ̀, mo rí ọkọ̀ akẹ́rù funfun kan tó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà, imọ̀ ọ̀pẹ tútù rẹpẹtẹ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó lórí òkúta, ó fọwọ́ lẹ́rán. Nílẹ̀ wa, kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí imọ̀ ọ̀pẹ lára ọkọ̀ ń wí: òkú ló wà nínú rẹ̀. A kì í yọjú wò ó. Mo rọra wakọ̀, mo tú ìborí orí mi, torí aṣọ pupa kò yẹ lójú òkú. Ọkùnrin náà gbọ́wọ́ sókè díẹ̀, mo rò pé ó ń kí mi ni. Mo ní kí Ọlọ́run tu ìdílé náà nínú, mo sì kọjá lọ.

Aago mẹ́jọ lù, kò sí awakọ̀. Aago mẹ́sàn-án lù. Mo pè é títí, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Mo jáde sí títì, mo wọlé, mo fẹ́ná, mo tún jáde. Yàrá ti gbóná bí ààrò, kò sì sí adìẹ kankan nínú rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú awakọ̀. Mo ní ó ti lọ jókòó síbì kan tó ń jẹun. Mo ní ọmọ Ìbàdàn ni, kí ló mọ̀ nípa ọyẹ́?

"Jókòó, ìwọ ọmọ yìí," ni ìyá mi wí nídìí iná. "Òòyì ń kọ́ mi nítorí rẹ."

Kí n ṣáà lè ní nǹkan sọ, mo ròyìn ọkọ̀ olókùú tí mo rí. Ó ní, "Àwọn ta ló bá a wá?"

"Ọkùnrin kan ṣoṣo."

Ó yọ aṣọ tó fi bo ẹnu. "Ọkùnrin kan? Àbí ẹ ti ń fi òkú rán awakọ̀ báyìí ni? Òkú kì í dá rìn nílẹ̀ yìí. Àwọn ọmọ ẹ̀ ńkọ́? Àwọn àna ẹ̀ ńkọ́? Ẹni tó ń sunkún ńkọ́?"

Abẹ̀bẹ̀ tí mo fi ń fẹ́ná bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ funfun. Ọkùnrin kan. Adìẹ mi! Ìyá mi ṣì ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ tí mo fi wà nínú mọ́tò.

Mi ò rí iwájú, mi ò sì lè sáré. Mò ń bú ọyẹ́, mò ń bú ara mi. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, igbe wọn ni mo kọ́kọ́ gbọ́, tín-ín-rín, bí ohùn tó fẹ́ tán. Ká ní mo ṣí gíláàsì nígbà àkọ́kọ́ ni, ǹ bá ti gbọ́.

Awakọ̀ dìde. Ètè rẹ̀ ti bẹ́. "Mi ò rí ọ̀nà mọ́, Mà. Mo ní kí n yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ni táyà méjì bá kó sí kòtò. Látìgbà yẹn làwọn èèyàn ti ń ṣí fìlà fún mi, tí wọ́n ń kọjá lọ."

"Ṣé o ò mọ ohun tí imọ̀ ọ̀pẹ wà fún ni?"

"Mo mọ̀, Mà. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá fi ewé sẹ́yìn ọkọ̀, tírélà á gorí mi. Ẹ wò ó, kí ló tún tutù níbí?"

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Iná ti jó gbogbo igbó, ọ̀pẹ nìkan ló kù.

A kó páálí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú mọ́tò mi. Ooru ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń jó mi lẹ́sẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bú mẹkáníìkì nítorí rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, mo dúpẹ́ pé kò rí i tún ṣe. Mo ní kí awakọ̀ kó imọ̀ ọ̀pẹ dànù, mo sì fún un ní ìborí pupa mi pé kó so ó síbẹ̀. Ọkọ̀ agégẹdú tó kọ́kọ́ dé lẹ́yìn ìyẹn dúró, wọ́n sì fi okùn fà á jáde.

Ìyá mi ló gba àwọn adìẹ lọ́wọ́ mi. Ó ń ti ẹnu wọn bọ omi oníṣúgà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má dójú ti òun. Mọ́kànlá kú. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, àwọn tó kù ti ń jà sí oúnjẹ, inú mi dùn débi pé mo jókòó.

Awakọ̀ dé. "Okun o, ọmọ mi," ni ìyá mi kí i, ó sì gbé iyán fún un. Nígbà tó jẹun tán, ó ká ìborí mi dáadáa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi.

"Mo rí i nígbà tí ẹ tú u lórí, Mà," ló wí. "Ẹ ṣeun. Gbogbo ẹni tó kọjá, ẹ̀yin nìkan lẹ padà wá."

Mo gba ìborí náà. Ojú tì mí. Adìẹ mi ni mo padà lọ gbé. Ká ní ti ẹlòmíràn ló kó, ìdí iná ni ǹ bá wà títí ilẹ̀ fi ṣú, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó jókòó níbẹ̀ ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.