Òdòdó Tó Sọ Mí Di Aláìsàn

Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló fi irúgbìn òdòdó kan ránṣẹ́, èyí tí orí rẹ̀ máa ń ṣí bí agbòjò. Mo gbìn ín síwájú ilé mi ní Ẹdẹ, mo ń bomi rin ín títí ó fi ga jù mí lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ti ìrun Jímọ̀ bọ̀, wọ́n dúró wò ó. "Ọmọ mi, kí ló dé tí o ò sọ pé ara rẹ ò yá?" Lójú tiwọn, ẹni tára rẹ̀ le kì í jẹ́ kí igbó ga tó bẹ́ẹ̀ níwájú ilé. Mo ní òdòdó ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fún mi lálàáfíà.

Nígbà tí mo fi máa ti ọjà dé lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyàwó agbo ilé wa ti fi ọkọ́ ro gbogbo rẹ̀ kanlẹ̀. Mo dúpẹ́, àbí kí n bú wọn? Ẹ̀gbọ́n ìyá mi di òdòdó mi ní ìdì kan, wọ́n gbé e fún mi. Wọ́n ní ó ń ta sánsán, kí n máa sè é fi wẹ̀ títí ara mi ó fi yá.

Kí n má parọ́, ìgbà yẹn gan-an ni àìsàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ki mí mọ́lẹ̀.