Awọ Àgbò Tí Mo Bá Wọn Ká

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ibi tí mo ti ṣìṣe. Bàbá àgbàlagbà kan bi mí ní ìbéèrè. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀ dáadáa, mo sì sọ fún wọn pé mi ò mọ̀. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn. Gbogbo èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yẹn ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí, ẹ mọ̀ pé kò tíì pẹ́ tí mo dé Maryland. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mò ń gbé ní Springdale, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan tí a ti ń to páálí sínú ọkọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọmọ Turkey kan. Kemal ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kàmálù ni mo ń pè é, bí a ṣe ń pè é nílé wa, ó sì ti ń dáhùn. Òun náà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mi ò mọ ìjókòó, pé tí wọ́n bá fún mi ní àga, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni màá dúró sí. Òótọ́ ni. Ara mi kì í balẹ̀.

Kàmálù wà nínú ẹgbẹ́ àwọn Súfì tó máa ń jó ijó yíyí, àwọn tó máa ń wọ aṣọ funfun gbàgẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á máa yí bí òkòtó. Ẹ ti lè rí irú wọn nínú fídíò. Ó ti pẹ́ tó ti ń kọ́ ọ, ọjọ́ Sunday tí mò ń sọ yìí sì ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jẹ́ kó jó níwájú èrò. Bàbá rẹ̀ wá láti Turkey, wọ́n á sì padà lọ́jọ́ kejì. Ó ní bàbá òun ò fẹ́ kí òun wá sí Amẹ́ríkà rárá, pé ohun tí wọ́n rò ni pé òun á ti gbàgbé ilé, gbàgbé ẹ̀sìn. Òun wá fẹ́ kí wọ́n fi ojú ara wọn rí òun nínú aṣọ funfun yẹn kí wọ́n tó lọ. Ó ní kí èmi náà wá.

College Park ni họ́ọ̀lù náà wà, kò jìnnà sí yunifásítì. Mi ò gbọ́kàn lé bọ́ọ̀sì ọjọ́ Sunday, ni mo bá tètè kúrò nílé, mo sì tètè débẹ̀ jù. Òjò ti pa mí. Bàtà mi ti mu omi, ìbọ̀sẹ̀ mi náà ti rin. Mo bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, mo wọlé, mi ò bá ẹnì kankan. Àwọn oníjó wà ní yàrá ẹ̀yìn, mò ń gbọ́ ohùn wọn. Ilẹ̀ ń dán, wọ́n to àga yíká. Níwájú pátápátá, wọ́n tẹ́ awọ àgbò kan tí wọ́n pa láró pupa. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Mi ò sì tíì kí ìrun aláàsárì.

Ẹ gbọ́, kí lẹ rò pé ọmọ Ìwó máa rò? Nílé wa, orí awọ àgbò Iléyá ni bàbá mi ti ń kírun. Wọ́n á fi iyọ̀ pa á, wọ́n á sá a gbẹ, ó di ẹní ìkírun nìyẹn. Mo ní àwọn èèyàn yìí mà láájò àlejò o, wọ́n ti tẹ́ ibi ìkírun sílẹ̀ fún wa! Mo wo fóònù, mo rí i pé awọ náà ò kọjú sí gábàsì. Mo fà á, mo yí i, mo gun orí rẹ̀ tòun ti ìbọ̀sẹ̀ tútù.

Ẹ̀ bá jẹ́ pé mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kírun tán! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Ẹni tó bá kírun tán tí kò ká ẹní rẹ̀, ṣàítánì á wá kírun níbẹ̀. Ìyá mi ti nà mí nítorí rẹ̀ rí. Mo ká awọ náà tó gún régé, mo gbé e sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo bá wọn tún nǹkan ṣe. Mo jáde lọ ra tíì gbígbóná.

Ìgbà tí mo padà dé, èrò ti kún. Kàmálù ti ní kí bàbá rẹ̀ gba àyè sílẹ̀ fún mi níwájú. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, wọ́n yára dì mí lápá mú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Gẹ̀ẹ́sì wọn ò ju bíńtín lọ. Àwọn náà ń pe bàbá ní bàbá lọ́dọ̀ tiwọn, nítorí náà Bàbá ni mo ń pè wọ́n, ó sì tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n nu dígí ojú wọn lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un nù.

Àwọn oníjó tò wọlé nínú aṣọ dúdú tí wọ́n ń dà bo funfun. Kàmálù wà lẹ́yìn pátápátá. Àgbà wọn, tí wọ́n ń pè ní Ṣéèkì, rọra rìn dé iwájú, ó dúró. Ibi tó yẹ kó dúró sí ṣófo.

Obìnrin kan rí awọ náà lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá. Ṣéèkì fọwọ́ kan ibi tó tutù níbẹ̀. Kò tíì sẹ́ni tó sọ fún mi nígbà náà pé awọ yẹn ni ipò Ṣéèkì àti ti àwọn olùkọ́ tó ti kú ṣáájú rẹ̀, pé ẹlòmíràn kì í tẹ̀ ẹ́, pé àwọn oníjó fúnra wọn ń tẹríba tí wọ́n bá ń kọjá níwájú rẹ̀. Kò sídìí kí wọ́n sọ fún mi. Bó ṣe fọwọ́ kàn án yẹn ti tó. Mo gbé ife tíì sábẹ́ àga.

Kàmálù ni wọ́n fi ṣọ́ awọ náà lọ́jọ́ yẹn. Ṣéèkì bi í jẹ́jẹ́, ní Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kàmálù wò yíká. Ojú rẹ̀ kan ojú mi, ó lọ sí ìbọ̀sẹ̀ mi. Mo tẹ orí mọ́lẹ̀.

Ó ní, “Ọwọ́ mi ló wà.”

Ṣéèkì ò bínú. Ó ní ó dáa, kó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà lónìí, á jó lọ́jọ́ mìíràn. Kàmálù tẹríba, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà tòun ti aṣọ dúdú rẹ̀.

Èmi tí wọ́n ń sọ pé mi ò mọ ìjókòó, ọjọ́ tó yẹ kí n dìde nìyẹn, àga gbá mi mú.

Bàbá fọwọ́ kan orúnkún mi. Wọ́n wá Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ jọ: “Ọmọ mi. Kí ló dé?”

Mo ní, “Bàbá, mi ò mọ̀.”

Fèrè bẹ̀rẹ̀. Àwọn oníjó bọ́ aṣọ dúdú sílẹ̀, wọ́n ká apá mọ́ àyà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Nígbà tí wọ́n wá na apá, ọwọ́ ọ̀tún wọn kọjú sókè, tòsì kọjú sílẹ̀. Kàmálù ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ohun tí wọ́n bá gbà láti òkè, wọn kì í mú un, ńṣe ni wọ́n ń fi í fún ilẹ̀. Aṣọ wọn là bí agbòòrùn, atẹ́gùn rẹ̀ ń fẹ́ sí mi lójú. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́, kò sẹ́ni tó ṣubú. Ó dára, mi ò ní parọ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mò ń wo fóònù, mò ń wo òrùlé. Mo ní ká ní wọ́n á tètè parí!

Bàbá ò wo àwọn oníjó. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń wò. Nígbà tó yá, wọ́n bọ́ dígí ojú wọn, wọ́n fi í sápò, ijó ò sì tíì dé ìdajì.

Lẹ́yìn náà, mo bá Kàmálù nídìí mọ́tò, mo sọ fún un pé èmi ni. Ó ní òun mọ̀, pé ta ló tún máa ká nǹkan oníǹkan láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́, ṣé kì í ṣe èmi tí mò ń ká páálí tí a ṣì fẹ́ lò níbi iṣẹ́? Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn dùn mí ju èébú lọ. Mo ní kó bá mi sọ fún Bàbá. Ó mi orí.

“Mo ti gbà á sọ́rùn, Ràímì. Mi ò lè wá tì í sí ọ lọ́rùn lẹ́yìn. Tí Bàbá bá máa gbọ́, ẹnu rẹ ni wọ́n á ti gbọ́ ọ.”

Mo lọ bá Bàbá. Wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́ pé mo jókòó tì wọ́n. Mo ní ọ̀nà á dára o. Ohun tẹ́nu mi rí sọ nìyẹn.

Mo délé, mo rò ó fún àǹtí mi. Wọ́n ní, “O ká a? Ta ló gbé iṣẹ́ ẹní kíká fún ọ?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Nígbà tí mo wá dé ibi tí mo ti sọ pé mi ò mọ̀, ẹ̀rín tán lójú wọn. Wọ́n ní awọ kíká kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àìmọ̀ ni. Èyí tó kù, kí n lọ bá ara mi sọ ọ́.

Kàmálù ti jó látìgbà yẹn. Bàbá rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ní tí àwọn bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọn kì í bèèrè ijó mọ́, oúnjẹ àti òtútù nìkan ni. Kò fẹ̀sùn kàn mí. Ó kàn fún mi ní nọ́ńbà wọn, ó sì ní òun á bá wa ṣe ògbufọ̀ ọjọ́kọ́jọ́ tí mo bá ṣe tán. Mo ti tẹ̀ ẹ́ rí. Kí ó tó dún, mo ti pa á.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé tẹ́ ẹ bá dé ilé onílé, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan, kódà tó bá jọ ti ilé yín. Àgàgà tó bá jọ ti ilé yín. Tẹ́ ẹ bá sì ti fọwọ́ kàn án, ẹ tètè sọ. Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe ẹnì kan nínú yín rí, kí ẹlòmíràn gba ẹ̀bi yín rù? Báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi, mo nílò rẹ̀.

Torí pé mo jẹ Bàbá Kàmálù ní òótọ́ ọ̀rọ̀ kan. Títí di òní, ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ọmọ àwọn ló ṣẹ̀.