Ilẹ̀ Pupa Lórí Èédú

Mi ò fẹ́ kí ènìyàn máa bá mi kẹ́dùn lórí ohun tí mi ò tíì pàdánù. Ohun tí ọkọ mi ṣe gan-an nìyẹn, lọ́jọ́ tó ní kí n gbé àrò irin mi sílẹ̀, kí n wá bá òun ní oko ẹ̀gẹ́. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni tó dúró ti aláìsàn. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, o ti gbìyànjú." Inú bí mi gan-an.

Ẹja àti adìẹ ni mo ń sun tà létí ọ̀nà tó wọ Idigny, níbi tí àwọn sẹ́míjàn ti máa ń jókòó sórí ọ̀kadà wọn de èrò. Iṣẹ́ náà mọ́ mi lọ́wọ́. Èédú ló ń bà á jẹ́ fún mi. Èyí tí wọ́n ń kó wá tà fún wa kì í gbẹ, igi oríṣiríṣi ni wọ́n dà pọ̀ sínú àpò kan, òmíràn ò tilẹ̀ jiná. Bí mo bá fẹ́ ẹ, á máa ta pàrà-pàrà, á máa rú èéfín, ẹja á sì gba òórùn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, iná ta sí ẹ̀wù oníbàárà mi kan, ó sì dá a lu. Kò bá mi jà o. Ó kàn dẹ́kun wíwá ni, àwọn tó máa ń bá a wá náà ò sì wá mọ́.

Mo ní kí ọkọ mi fún mi ní igi àyin tí ìjì wó sí ìpẹ̀kun oko wa. Ẹni tó bá ti fi àyin dáná rí mọ̀ pé kì í ṣe ẹgbẹ́ igikígi. Mo ní èmi fúnra mi ni màá sun ún di èédú, bó bá sì bàjẹ́, mo ṣe tán láti máa gbin ẹ̀gẹ́. Kíá ló gbà. Ìgbà tó kúrò lọ́dọ̀ mi, ó lọ fi àrò mi ṣèlérí fún ìyàwó àbúrò rẹ̀. Wọ́n sọ fún mi kí ọjọ́ tó rọ̀. Ó dùn mí, ó dùn mí gan-an ni.

Síbẹ̀ ó bá mi gé igi náà, torí òun kì í ṣe ìkà. Àwọn ẹ̀ka la kọ́kọ́ lò. Mo to wọ́n jọ gbágbágbá di òkìtì tí wọ́n ń pè ní ebu èédú, mo fi ẹnu sílẹ̀ fún iná, mo fi koríko tútù bò wọ́n. Ó wá ku ilẹ̀ tí a óò fi dí ebu náà pa. Àgbẹ̀ ni wá. Bí wọ́n bá ní ká mú ilẹ̀ tó dára wá, ibi tí iṣu ti ń ta dáadáa la máa lọ gbẹ́. Ilẹ̀ dúdú, tó rọ̀ múlọ́múlọ́, la rù wá. Ọkọ mi tilẹ̀ ń yìn ín lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tó rántí nínú wa pé pòròpórò àgbàdo àti gbòǹgbò koríko ló kún inú rẹ̀.

A fi iná sí i ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbòǹgbò ti gbiná, ẹ̀gbẹ́ ebu kan ti jìn, ọwọ́ iná sì ti yọ. Mo ń da ilẹ̀ sí i, ilẹ̀ náà ń bá a jó. Eérú la bá níbẹ̀.

"Ó tó, ìyá àwọn ọmọ," ọkọ mi wí.

"Kò tó," mo ní. "Ìtí igi náà ṣì wà nílẹ̀."

Mo yí ebu náà ká, mo ń wo ibi tí kò jìn. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni. Ilẹ̀ òkìtì ọ̀gán tó wà nítòsí ni mo fi dí ibẹ̀, torí ó ti rẹ̀ mí láti padà lọ sí oko iṣu. Iná ti sun ún le koko bí ìkòkò. Ni mo bá gbé ọkọ́, mo lọ wó òkìtì ọ̀gán.

"Ilẹ̀ burúkú yẹn?" ọkọ mi bi mí. Ilẹ̀ pupa yẹn ló máa ń ṣẹ́ ọkọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò sì sí ohun tó ń hù níbẹ̀.

"Òun náà ni."

Mo fọ́ ọ, mo wọ́n omi sí i, mo to ìtí àyin náà jọ bíi ti àkọ́kọ́, mo sì fi ilẹ̀ pupa náà rẹ́ ẹ láti òkè délẹ̀. Kò pẹ́ tí ọkọ mi náà fi dìde. Ó ń ráhùn, ó sì ń ru ilẹ̀ náà.

Nígbà tí a fi iná sí i, èéfín kọ́kọ́ nípọn, ó funfun. Ó wá ń fẹ́lẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí tí ojú ò fi fẹ́ẹ̀ rí i mọ́. Ìgbà náà ni mo dí gbogbo ihò tí mo fi sílẹ̀ fún èéfín pa. Ọkọ mi ní ká tú u wò, àbí ká da omi sí i. Mo ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Èédú tó bá rí afẹ́fẹ́ kó tó tutù á tún gbiná, èyí tó bá sì mu omi, irú èyí tí mo ń sá fún nìyẹn. Mo dúró títí mo fi lè tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi lé ebu náà láìta mí.

Nígbà tí mo tú u, èédú ńláńlá ló wà níbẹ̀, ó ń dán. Mo mú méjì, mo kàn wọ́n mọ́ra, wọ́n dún gooro bí àwo. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ọkọ mi kọjú sí oko ẹ̀gẹ́ títí mo fi ṣe tán.

Mo dá iná lọ́jọ́ kejì. Kò ta, kò rú èéfín, ó kàn pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Àwọn sẹ́míjàn bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi jókòó sórí àga gbọọrọ, ó ń jẹ ẹja. Ibẹ̀ ni ìyàwó àbúrò rẹ̀ bá wa, ó mú òṣùká dání.

"Ìyálé mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá wa ní kí n wá gbé àrò."

Mo wo ọkọ mi. Ó tẹ orí ba, ó ń yọ egungun ẹja.

"Ó wà lórí iná, ìyàwó," mo ní. "Jókòó, kí o jẹ ẹja."

Ó jókòó, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́. Lẹ́yìn náà ló rọra bi mí, "Ṣé kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́, tó bá ti tutù?"

Mo kó èédú sí i.

"Mi ò ní jẹ́ kó tutù," mo ní.