Orúkọ Kan Tó Ṣẹ́kù Nínú Ìwé Àwọn Ọmọ Ọjọ́bọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ kí Tíṣà Ìbídùnní rẹ́rìn-ín, ẹ bi í léèrè ìkórè ayé àtijọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn l'Óǹdó. Á sọ fún yín bí wọ́n ṣe máa ń pe ìjọ jáde gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ tí wọ́n bí kálukú: àwọn ọmọ Àìkú, àwọn ọmọ Ajé, títí dé Àbámẹ́ta. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan á jó lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àkùkọ tó ń ké mọ́ àlùfáà lẹ́nu. Ìdíje gidi ni. Ọmọ Ọjọ́bọ̀ ni Tíṣà, òun sì ni akọ̀wé wọn fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Kò sí ọdún tí wọn kì í gba ipò kìíní, tàbí kí wọ́n bá ẹgbẹ́ tó gbà á jà.

Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé ìdí dùrù, ẹ̀rín á tán lẹ́nu rẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bísọ́dún ló ń tẹ dùrù nígbà náà. Tíṣà ló kọ́ ọ ní kíláàsì kẹrin, òun ló sì kọ́kọ́ gbé e jókòó sídìí dùrù iléèwé nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì tólẹ̀. Ó dàgbà, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ákúrẹ́, àmọ́ gbogbo ọ̀sán Sátidé ló ń wọ mọ́tò wá s'Óǹdó, kí ohùn àwọn akọrin má baà dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀nà Ọ̀dà ni òun àti Jíbọ́lá, ọkùnrin télọ̀ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, jọ ń gbé láti ọdún mẹ́wàá. Nígbàkigbà tí Tíṣà bá lọ tò sórí ìlà l'Ákúrẹ́ nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí kì í tètè dé, ilé wọn ló ń yà sí. Jíbọ́lá á gúnyán, á se ọbẹ̀ marúgbó, wọ́n á sì ní kí Tíṣà lọ fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo ló wà nílé náà. Tíṣà rí i, ó sì yé e, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ó ní láyé òun, òun ò tún rí ilé tí ara ti rọ òun bí ilé yẹn.

Ọdún 2006 le. Iná ò sí, oúnjẹ wọ́n. Wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, àmọ́ lọ́dún náà, ọ̀rọ̀ mìíràn ráyè wọlé. Wọ́n ń jiyàn l'Ábùjá lórí òfin tí yóò ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀. Ni ìwé ẹ̀bẹ̀ bá dé ìjọ, pé kí gbogbo ọmọ ìjọ buwọ́ lù ú, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sáwọn aṣòfin. Fíkà tó mọ ìjọ rẹ̀ dunjú mú ìwé náà wọnú ìkórè.

"Ẹgbẹ́ tí orúkọ wọn bá kọ́kọ́ pé," ló wí, "àwọn ló gbapò kìíní!"

Ta ni ò mọ Tíṣà? Kí wọ́n tó kọ orin kejì tán, ó ti gba orúkọ mọ́kàndínlógójì nínú ogójì. Màmá mẹ́ta tí ò mọ̀wé kọ, òun ló di àtàǹpàkò wọn mú tẹ inú yíǹkì. Ọ̀kan bi í pé, "Kí la tún ń tẹ̀ yìí, ọmọ mi?" Ó ní, "Ti ìkórè ni, Màmá."

Ó ku Bísọ́dún, ọmọ Ọjọ́bọ̀ bíi tiwọn. Tíṣà lè fò ó. Kò sẹ́ni tó máa ń retí atẹdùrù nínú ìlà, ó ṣe tán, òun ló ń tẹ orin tí gbogbo ayé ń jó sí. Àmọ́ àwọn ọmọ Ajé ń bọ̀ lẹ́yìn, orúkọ méjì péré ló kù fún wọn. Ìdíje ló gùn ún ni, àbí ẹ̀rù pé wọ́n á bi òun léèrè ìdí tí òun fi fò ó? Kò tíì lè sọ. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ó ku ẹnìkan péré, atẹdùrù wa! Mò ń gbé e lọ bá a!"

Ìjọ pàtẹ́wọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bísọ́dún dáwọ́ dúró láàárín orin. Ìjọ dá a kọ fún ìlà méjì, lẹ́yìn náà ni orin kú. Ó ka ìwé náà látòkè délẹ̀.

"Mọ̀mí, ẹ gbé e kúrò," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kàn kọ ọ́, Bísọ́dún. Orúkọ lásán ni."

Ó wo ojú Tíṣà, ó pa dùrù dé, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló rí i. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ nípa rẹ̀ lábẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń sọ síta. Nígbà tó máa di Ọjọ́rú, ìgbìmọ̀ ti kọ̀wé sí i pé kó lọ sinmi títí yóò fi wá ṣàlàyé ara rẹ̀. Àwọn ọmọ Ajé ló gbapò kìíní.

Tíṣà wọ mọ́tò lọ s'Ákúrẹ́. Jíbọ́lá dọ̀bálẹ̀ kí i, ó gúnyán bó ṣe máa ń gún un, àmọ́ Tíṣà ti àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Mo bẹ̀ ọ́, wá rí Fíkà," ló wí fún Bísọ́dún. "Buwọ́ lù ú, wọ́n á gbàgbé. Dùrù yẹn ò ní ẹlòmíràn."

"Mọ̀mí, Fíkà ò mọ̀ mí. Bíṣọ́ọ̀bù ò mọ̀ mí. Ohun tí wọ́n bá ṣe ò lè dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ mí. Ẹ ti sùn nílé yìí. Mi ò ní wá mọ́, mà."

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà yìí wà lọ́jà, òun gan-an ló fọwọ́ ara rẹ̀ wọ́ orí ọmọ. Tíṣà sunkún, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó má sunkún.

Jíbọ́lá ló sìn ín gba ọ̀nà Arákálẹ̀ dé gáréèjì. Ó bá a gbé báàgì, ó dúró tì í títí mọ́tò fi kún.

"Mọ̀mí, ẹ máa wá kí wa o," ló wí. "Ẹ má torí èyí sá fún wa."

"Màá wá," ni Tíṣà dáhùn.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2014, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òfin tí wọ́n tìtorí rẹ̀ buwọ́ lu ìwé ọjọ́sí ti dé, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ló sì wà nínú rẹ̀. Ìjọ hó yèè. Gbogbo èèyàn dìde, Tíṣà náà dìde, ó pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Títí dòní, kò tíì padà lọ sí ilé Bísọ́dún ní ọ̀nà Ọ̀dà.