Aṣọ́lé Méjì Nínú Ilé Wa

Inú mi ṣì máa ń ru tí mo bá rántí ọjọ́ tí alága ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa ní Adó mú ọkùnrin náà wọlé. Mo ń fún ọmọ lọ́mú ní pálọ̀. Alága ò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn.

"Ìyàwó wa, àlejò ulé yín rèé! Ìbàdàn la ti lọ mú un wá. Aṣọ́lé ni. Ẹ bá wa tọ́jú rẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní yàrá tó ṣófo."

Mo wo ojú ọkọ mi. Aṣọ́lé ni òun náà. Láti ìgbà tó ti jáde ilé-ìwé ló ti ń mú bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ yẹn, ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ kan ò sì nà tán mọ́. Ó dìde, ó gba báàgì lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ní kó jókòó.

Lọ́dọ̀ tiwa, àlejò ló ń ṣáájú. Mo gún iyán. Ẹran tó tóbi jù lọ, iwájú rẹ̀ ni. Omi gbígbóná àárọ̀, òun ló ń kọ́kọ́ wẹ̀. Ìyẹn ò bí mi nínú, bí wọ́n ṣe tọ́ mi ní Ìyìn nìyẹn. Ohun tó bí mi nínú ni pé alága gbé àṣà inú ilé lọ sórí pápá. Kóòṣì fẹ́ dán àwọn méjèèjì wò, alága kọ̀.

"Ẹni tá a pè wá láti ọ̀nà jíjìn, ká ní kó jókòó? Ọmọ onílé á ṣe sùúrù."

Ni ọkọ mi bá di ará bẹ́ǹṣì. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀pà sísè létí pápá pè mí lọ́jọ́ kan: "Ìyàwó góòlì, ṣé lóòótọ́ lo fi ń gúnyán fún ẹni tó lé ọkọ ẹ kúrò lójú àwọ̀n?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń gbóná lójú mi.

Nígbà tá a délé, mo ní, "Tó bá dáa jù ẹ́ lọ, màá panu mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kẹ́ ẹ dù ú!"

"Àlejò ni, Ìyá Ọmọ," ni ó wí. Ó gbé ọmọ sí èjìká, ó ń rọra gbá a lẹ́yìn.

Ilé-iṣẹ́ kan ní Àkúrẹ́ ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá, wọ́n á fún un níṣẹ́, á sì máa gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Kò dá wọn lóhùn. Ó ní bí gbogbo ọmọ Adó bá ń lọ, ta ni yóò kù?

Kí sáà bọ́ọ̀lù náà tó parí, bí àlejò wa ṣe ń jẹ àkàrà láàárọ̀ ọjọ́ kan ló sọ fún mi pé ẹgbẹ́ ńlá kan pe òun sí Èkó. "Ìyàwó, bọ́ọ̀lù niṣẹ́ mi. Ẹ má bínú. Mo sọ fún alága pé kó jẹ́ ká máa pín in gbá, kò gbọ́." Ó gbá yàrá rẹ̀ kó tó lọ. Mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, alága dé. "Ọmọ wa, àkókò ẹ dé! Ìwọ lo máa mú bọ́ọ̀lù ní Sátidé."

Ojú ọkọ mi tàn bíi ti ọmọdé. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

"Alága, ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí, "tí àlejò mìíràn bá dé ńkọ́?"

"Ìyàwó yìí! Ọ̀rọ̀ ọkùnrin lèyí."

"Èmi tí mo gúnyán ẹ̀? Ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí fún un pé tí òmíràn bá dé, ẹ máa jẹ́ kí àwọn méjèèjì du ipò náà."

"Kí n máa dán àlejò wò? Ojú á tì wá!"

Ìmọ́lẹ̀ yẹn kúrò lójú ọkọ mi. Ó gbé ọmọ lé mi lẹ́sẹ̀. "Mo dúpẹ́, sà. Màá gbá ti Sátidé, kí ìlú má bàa tẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Àkúrẹ́ ni mò ń lọ."

"Ọ̀dàlẹ̀!" ni alága kígbe.

Mo fò dìde tọmọtọmọ. "Àlejò lọ, ẹ ní ó dàbọ̀. Onílé fẹ́ lọ, ó di ọ̀dàlẹ̀!" Àwọn ará ilé kejì ti yọjú, mi ò wo tiwọn.

"Ó tó," ni ọkọ mi wí fún mi. Ó sin alága dé ẹnu ọ̀nà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nígbà tó padà, ó wọ yàrá lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ.